Oríkèé ara ń ro mí látìgbà tí nǹkan oṣù mi ti ń ṣe ségesège. Kí lẹ ṣe sí tiyín?

Àdùkẹ́Aránṣọ

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láìdá sí i, àmọ́ èyí ti kọjá ohun tí mo lè dákẹ́ lé lórí. Ẹni ọdún 49 ni mí. Nǹkan oṣù mi ti ń ṣe bó ṣe wù ú báyìí: ó lè má wá fún oṣù méjì, kó tún wá lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù kan. Ooru tó ń bù mí lóru kò yà mí lẹ́nu, mo ti gbọ́ nípa rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ti oríkèé ni ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi.

Bí mo bá jí láàárọ̀, ìka mi á ti le, mi ò ní lè ká wọn kò. Aṣọ ni mò ń rán. Kí n ki àtàǹpàkò bọ ojú àlùmọ́gàjí, kí n gé aṣọ tó nípọn díẹ̀, ìdí àtàǹpàkò yẹn á máa ta mí títí dé ọrùn ọwọ́. Orúnkún ń dùn mí bí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Èyí tó wá burú jù ni èjìká òsì: mi ò lè na ọwọ́ sẹ́yìn de kọ́mú mọ́. Iwájú ni mo ti ń dè é, kí n tó wá yí i lọ sẹ́yìn. Bí mo bá fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn, ìrora ni yóò jí mi.

Dókítà tí mo rí ní "ọjọ́ orí ni", ó kọ oògùn ìrora fún mi, ó ní kí n máa lọ. Ṣé ọjọ́ orí náà ni lóòótọ́, àbí nǹkan oṣù tó fẹ́ dá ló fà á?

ÌyáÌbejì57

Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́ o. Ìwọ nìkan kọ́. Gìgísẹ̀ ni tèmi ti bẹ̀rẹ̀. Tí mo bá fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ láàárọ̀, ògiri ni màá fọwọ́ dì mú títí dé balùwẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dé orúnkún àti ìka. Ó le jù ní ọdún tó ṣáájú kí nǹkan oṣù mi tó dá pátápátá, àti ọdún kan tàbí méjì tó tẹ̀ lé e. Ó ti dín kù gan-an báyìí, àmọ́ mi ò ní purọ́ fún ẹ pé ó ti lọ tán.

Ohun tó ń ràn mí lọ́wọ́ láàárọ̀ ni omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ọ́ nínú abọ́. Màá ki ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́, màá máa di ẹ̀ṣẹ́, màá máa tú u, títí ìka á fi rọ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó lè de bọ́tìnnì. Má torí pé ó ń dùn ẹ́ kí o wá fi ọwọ́ náà sílẹ̀ láìlò o.

Nọ́ọ̀sìFẹ̀yìntì

Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀. Dókítà yẹn ò parọ́ tán, kò sì sọ òótọ́ tán. Ọjọ́ orí wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ́sítírójìn wà níbẹ̀ pẹ̀lú, òun gan-an ni wọn kì í dárúkọ.

Ẹ́sítírójìn ni họ́mọ̀nù tí ilé ẹyin obìnrin ń ṣe. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọ̀rọ̀ ilé ọmọ nìkan ló wà fún. Ó ń ṣiṣẹ́ nínú egungun, nínú iṣan ara, nínú okùn tó so iṣan mọ́ egungun, nínú ohun rírọ̀ tó bo orí egungun níbi tí méjì ti pàdé, àti nínú awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń ṣe omi tí oríkèé fi ń yọ̀. Ó tún máa ń pẹ̀tù sí ara wíwú. Nígbà tí nǹkan oṣù bá ń palẹ̀ mọ́, họ́mọ̀nù yìí kì í rọra wálẹ̀. Á gòkè lónìí, á já wálẹ̀ lọ́la, kó tó wá lọ sílẹ̀ pátápátá, oríkèé á sì mọ̀ ọ́n lára. Ó lé ní ìdajì àwọn obìnrin tó wà ní àsìkò yìí tó ń sọ pé oríkèé ń ro àwọn. Àìpẹ́ yìí, ní 2024, ni àwọn oníṣègùn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ìrora oríkèé, iṣan tó ń joro, egungun tó ń di ẹlẹgẹ́ àti èjìká tó ń gan pọ̀ nínú ìwé ìwádìí, tí wọ́n fún gbogbo rẹ̀ lórúkọ kan ṣoṣo pé ọmọ ìyá ni wọ́n.

Bí ẹnì kan bá ní kò dá òun lójú pé họ́mọ̀nù lọ́wọ́ sí i, kó wo àwọn tó ń lo anastrozole tàbí letrozole nítorí jẹjẹrẹ ọmú. Iṣẹ́ àwọn oògùn yẹn ni kí wọ́n má jẹ́ kí ara ṣe ẹ́sítírójìn mọ́. Ìrora oríkèé wà lára ohun tí àwọn tó ń lò ó sábà máa ń ráhùn lé lórí.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká wá di gbogbo ẹrù ru nǹkan oṣù. Oríṣi aromọléegun kan wà tó jẹ́ pé àwọn ọmọ ogun ara fúnra wọn ló ń bá oríkèé jà. Ó wọ́pọ̀ lára obìnrin ju ọkùnrin lọ, ó sì lè bẹ̀rẹ̀ ní irú ọjọ́ orí yìí gẹ́lẹ́. Oògùn tó ń dá a dúró wà, àmọ́ bí a bá jẹ́ kó pẹ́, á ti jẹ oríkèé, ohun tó bá sì ti jẹ kò ṣeé dá padà. Nítorí náà, Àdùkẹ́, dá mi lóhùn. Líle ìka yẹn, báwo ló ṣe ń pẹ́ tó láàárọ̀ kó tó tú? Ṣé oríkèé ìka wú, ṣé ó gbóná? Ṣé ọwọ́ méjèèjì ló ń ṣe bákan náà? Ǹjẹ́ o ń rù láìmọ ìdí? Ṣé wọ́n ti yẹ ṣúgà àti táíróìdì ẹ wò, ìyẹn kókó ọrùn tó ń ṣe họ́mọ̀nù? Ṣé o ń lo oògùn tó ń dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù? Òun náà máa ń mú iṣan ro àwọn kan.

Kí ẹni tó ń kà á náà mọ̀: oríkèé kan ṣoṣo tó dédé wú, tó pọ́n, tó gbóná, tí ibà sì bá a rìn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ nǹkan oṣù. Ilé ìwòsàn ni, lọ́jọ́ náà gan-an.

Àdùkẹ́Aránṣọ

Ẹ ṣé gan-an mà. Kó tó ogún ìṣẹ́jú, ó ti tú. Kò wú, kò gbóná, àfi ìdí àtàǹpàkò ọ̀tún tó yọ síta díẹ̀. Mi ò rù, àní mo tún sanra sí i ni. Yàtọ̀ sí oògùn ìrora yẹn, mi ò lo oògùn kankan. Ẹnì kankan ò yẹ ṣúgà mi wò o, bẹ́ẹ̀ ìyá mi ní àtọ̀gbẹ.

Nọ́ọ̀sìFẹ̀yìntì

Ogún ìṣẹ́jú láìwú kò jọ èyí tí mo ń bẹ̀rù. Ká ní ó ń kọjá wákàtí kan ní àràárọ̀, tí ìka sì wú, mi ò bá ní kí o má jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ yìí parí kí o tó lọ. Ìdí àtàǹpàkò tó yọ síta jọ aromọléegun ti ọjọ́ orí, èyí tó ń jẹ ohun rírọ̀ orí egungun. Ó fẹ́ràn ibẹ̀ lára obìnrin, àgàgà ẹni tó jẹ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ ló fi ń jẹun.

Nítorí èjìká yẹn àti nítorí ìyá ẹ, lọ yẹ ṣúgà wò. Ní kí wọ́n bá ẹ wo táíróìdì àti fítámì D nígbà kan náà. Má sì jẹ́ kí wọ́n gba owó àyẹ̀wò họ́mọ̀nù lọ́wọ́ ẹ. Ẹni tó ti lé ní 45, tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń ṣe ségesège, tí ooru ń bù ú, kò nílò àyẹ̀wò yẹn kí a tó mọ ibi tó wà. Iye họ́mọ̀nù tí wọ́n bá rí lónìí lè yàtọ̀ pátápátá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

FísíòTòótọ́

Físíò ni mí, ẹni tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú iṣan àti oríkèé. Èjìká yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé. Ẹni tó wà láàárín ogójì sí ọgọ́ta ọdún, tí kò lè na ọwọ́ sẹ́yìn, tí kò lè fi ẹ̀gbẹ́ náà sùn: èjìká tó gan ni màá kọ́kọ́ fura sí. Àpò tó yí oríkèé ká ló nípọn, tó sì súnkì. Ó wọ́pọ̀ lára obìnrin, ó sì tún wọ́pọ̀ gan-an lára ẹni tó ní àtọ̀gbẹ.

Bí mo ṣe ń dá a mọ̀ rèé. Màá ní kí onítọ̀hún fi ìgúnwọ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́, kó ká apá síwájú, kó wá yí ọwọ́ lọ síta. Bí òun ò bá lè yí i, tí èmi náà bá a yí i tí kò lọ, ó ti gan nìyẹn. Bí ó bá lọ nígbà tí mo bá a yí i, tí òun nìkan ò lè ṣe é, ìyẹn jọ iṣan tó ti fara pa, ìtọ́jú rẹ̀ sì yàtọ̀.

Àǹtí Àdùkẹ́, sùúrù lẹ máa fi bá a. Á kọ́kọ́ máa dùn yín gan-an, ìrora á wá dín kù àmọ́ á le gbandi, lẹ́yìn náà ni yóò máa tú. Gbogbo rẹ̀ lè gba ọdún kan sí mẹ́ta. Nígbà tó bá ṣì ń dùn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín fà á tìpátìkúùkù. Ẹ tẹ̀ síwájú, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún di tábìlì mú, kí apá òsì rọ̀ wálẹ̀, kí ẹ wá máa fì í díẹ̀díẹ̀ síwá sẹ́yìn, kí ẹ sì máa fi í yí òbíríkítí kékeré. Tí ìyẹn bá ti rọrùn, ẹ dojú kọ ògiri, kí ìka máa gun ògiri lọ sókè títí dé ibi tó bá fẹ́ dùn. Ẹ dúró níbẹ̀ díẹ̀, kí ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Abẹ́rẹ́ sítẹ́rọ́ọ̀dù, oògùn líle tó ń pẹ̀tù sí ara wíwú, sínú oríkèé náà máa ń dín ìrora kù bí wọ́n bá tètè gún un, ṣùgbọ́n ó lè gbé ṣúgà sókè fún ọjọ́ díẹ̀ lára ẹni tó ní àtọ̀gbẹ. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹ ti mọ ti ṣúgà yín kí ẹ tó gbà á.

OmiTútù

Ẹ kàn ń fi àyẹ̀wò da ara yín láàmú ni. Èmi ra ìgò kan lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń kiri. Kò kọ orúkọ sí i lára, àmọ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, mo ti ń gun àtẹ̀gùn láìdi nǹkan kan mú. Oúnjẹ tún ń wù mí jẹ. Ewé àti egbò lásán ni, kò ní kẹ́míkà. Ẹni tó bá fẹ́ kó kọ sí mi.

Nọ́ọ̀sìFẹ̀yìntì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ sí i o.

Ìrora tó ti pẹ́ lára, tí ó dákẹ́ láàárín ọjọ́ méjì, tí oúnjẹ wá ń wu èèyàn jẹ lójijì: mo mọ ohun tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Sítẹ́rọ́ọ̀dù ni, dexamethasone tàbí prednisolone. Ó ti pẹ́ tí àwọn aláṣẹ tó ń mójú tó oògùn ní oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ti ń bá a nínú àgbo àti kápúsù tí wọ́n ń tà fún làkúrègbé, tí ẹni tó ń tà á sì ń búra pé ewé nìkan ni. Bí o bá mu ún pẹ́, ojú á wú roboto, ẹ̀jẹ̀ á ru, ṣúgà á gòkè, egungun á máa di ẹlẹgẹ́. Bẹ́ẹ̀ egungun obìnrin ti ń dín kù tẹ́lẹ̀ lásìkò yìí. Ó lè pàdánù tó ìdá kan nínú márùn-ún láàárín ọdún márùn-ún sí méje tó tẹ̀ lé ìgbà tí nǹkan oṣù dá.

OmiTútù, bí o bá ti ń mu ún fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, má dédé jáwọ́ nínú rẹ̀ o. Sítẹ́rọ́ọ̀dù tí a lò pẹ́ máa ń mú kí ara ṣíwọ́ ṣíṣe tirẹ̀. Ẹni tó bá já a lójijì lè máa bì, kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ já wálẹ̀, kó dá kú. Gbé ìgò náà lọ fún dókítà kó bá ẹ dín in kù díẹ̀díẹ̀.

OmiTútù

Ojú mi ti wú lóòótọ́. Àwọn èèyàn ń kí mi pé mo ti ń dán. Màá gbé e lọ lọ́jọ́ Ajé.

ÌyáÌbejì57

Kí ló dé tó fi di ọjọ́ Ajé? Gbé e lọ lọ́la.

ỌkọRẹ̀Ni

Ẹ gbà mí láyè, ẹ̀yin ìyá, ọkùnrin ni mí. Ìyàwó mi ti pé ọdún 52, orúnkún méjèèjì ló ń dùn ún. Àwọn ẹbí ní kó má ṣe nǹkan kan mọ́, kó jókòó sinmi. Ó ti jókòó bẹ́ẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan, kàkà kí ó dín, ńṣe ló ń pọ̀ sí i. Lánàá mo ní kó dìde ká jọ rìn jáde, ó bú mi. Kí ni kí n ṣe?

ÌyáÌbejì57

Kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ ná.

FísíòTòótọ́

Lẹ́yìn ẹ̀bẹ̀, ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́ èyí. Kí èèyàn sinmi fún ọjọ́ kan tàbí méjì nígbà tí ìrora bá ru sókè, kò burú. Ìsinmi olóṣù-gbọọrọ ló ń pa iṣan itan, iṣan itan yẹn ló sì ń gba ẹrù lórí orúnkún. Ẹ tún mọ̀ pé ohun rírọ̀ orí egungun kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀. Nígbà tí a bá ń rìn, tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ tí wọ́n ń tú u sílẹ̀, ni oúnjẹ tó ráyè wọ inú rẹ̀. Ebi ni ìjókòó fi ń pa á.

Àga ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ìrìn. Kí ẹ wá àga líle tó ga díẹ̀, kí ẹ tì í mọ́ ògiri kó má baà yẹ̀. Kí wọ́n jókòó sí etí rẹ̀, kí wọ́n fa ẹsẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn díẹ̀, kí wọ́n tẹ̀ síwájú títí imú á fi bọ́ sókè ọmọ ìka ẹsẹ̀, kí wọ́n wá dìde. Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni ìgbà tí wọ́n bá ń jókòó padà: kí wọ́n rọra wálẹ̀, kí ìdí má bọ́ lu àga. Mẹ́jọ, kí wọ́n sinmi, kí wọ́n ṣe mẹ́jọ míì. Bí wọn ò bá lè dìde láìfọwọ́ ti itan, kí wọ́n fọwọ́ tì í. Tó bá yá, ọwọ́ kan, tó bá tún yá, ọwọ́ á kúrò níbẹ̀. Ìrìn lè jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kí ẹ máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa rìn kíá tàbí ṣe eré ìdárayá tó jọ bẹ́ẹ̀ tó ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, kí ọjọ́ méjì ó kéré tán sì jẹ́ ti mímú iṣan le. Ẹnikẹ́ni ò ní kí wọ́n dé ibẹ̀ lónìí.

Ìrora díẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe é kò túmọ̀ sí pé nǹkan ń bà jẹ́. Ọjọ́ kejì ni kí ẹ wò. Bí ó bá ṣì ń dùn wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní ọjọ́ kejì, ó ti pọ̀ jù, ẹ dín in kù, ẹ má dá a dúró. Bí wọ́n bá sanra, ìwádìí kan tó jáde ní 2005 lórí àwọn tí aromọléegun orúnkún ń bá jà rí i pé kílò kan téèyàn bá fi fúyẹ́ máa ń gbé nǹkan bíi kílò mẹ́rin kúrò lórí orúnkún ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ má wá lọ bẹ̀rẹ̀ láti ibi ọ̀rọ̀ sísanra o, ẹni tó ti bú yín lánàá.

TèmiYéMi

Ẹ ò tíì dárúkọ ìtọ́jú họ́mọ̀nù, ìyẹn fífi oògùn dá ẹ́sítírójìn tó lọ padà. Èmi ń lo èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara, mo sì ń mu kápúsù projẹ́sítírọ́ọ̀nù, họ́mọ̀nù kejì tó ń ṣọ́ ilé ọmọ, lálẹ́. Ooru ló gbé mi débẹ̀, oorun ti dá lójú mi. Nígbà tó máa fi tó oṣù mẹ́ta, ooru ti lọ sílẹ̀, mo ń sùn, ìka àti ìbàdí mi sì ti fúyẹ́. Bóyá họ́mọ̀nù ló wo oríkèé, bóyá oorun tí mo rí sùn ni, mi ò lè pín in o.

Ẹlẹ́rùJẹ́jẹ́

Jẹjẹrẹ ńkọ́? Ṣebí wọ́n dá ìwádìí rẹ̀ dúró nígbà kan torí jẹjẹrẹ ọmú? Mi ò ní torí orúnkún lọ wá ìjàngbọ̀n sí ọmú o.

Nọ́ọ̀sìFẹ̀yìntì

Òótọ́ ni, 2002 ni wọ́n dá a dúró. Women's Health Initiative lorúkọ ìwádìí náà, ní Amẹ́ríkà. Apá tí wọ́n dá dúró lọ́dún yẹn ni ti àwọn obìnrin tó ń lo ẹ́sítírójìn oníhóró pọ̀ mọ́ projẹ́sítínì, ìyẹn irú projẹ́sítírọ́ọ̀nù àtọwọ́dá. Jẹjẹrẹ ọmú, rọpárọsẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ dídì pọ̀ díẹ̀ sí i láàárín wọn. Ohun tí ìròyìn ò pariwo rẹ̀ ni pé nǹkan bí ọdún 63 ni ìpíndọ́gba ọjọ́ orí wọn, nǹkan oṣù ti dá lára ọ̀pọ̀ wọn tipẹ́. Apá kejì jẹ́ ti àwọn tí wọ́n ti yọ ilé ọmọ wọn, tó ń lo ẹ́sítírójìn nìkan. Wọ́n dá ìyẹn náà dúró ní 2004 nítorí rọpárọsẹ̀, àmọ́ jẹjẹrẹ ọmú ò pọ̀ sí i níbẹ̀.

Apá kejì yìí ló kan ọ̀rọ̀ wa. Lẹ́yìn ọdún kan, wọ́n bi wọ́n léèrè oríkèé. Nínú ọgọ́rùn-ún tó ń lo ẹ́sítírójìn, nǹkan bí 76 ní ó ń ro àwọn. Nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n fún ní hóró tí kò ní oògùn nínú, nǹkan bí 79. Ìyàtọ̀ wà, kò kàn tó ohun tí a ń torí rẹ̀ jó ni.

Bí oríkèé nìkan bá ló ń yọ ẹ́ lẹ́nu, họ́mọ̀nù kọ́ ni màá ní kí o kọ́kọ́ sáré bá. Bí ooru, àìrí-oorun-sùn àti gbígbẹ ojú ara bá wà pẹ̀lú rẹ̀, tí o kò tíì pé 60, tàbí tí kò tíì ju ọdún 10 lọ tí nǹkan oṣù dá, ọ̀rọ̀ yí padà. Àǹfààní rẹ̀ sábà máa ń borí ewu rẹ̀ nígbà náà. Ẹni tó ṣì ní ilé ọmọ kò gbọ́dọ̀ lo ẹ́sítírójìn láìsí projẹ́sítírọ́ọ̀nù, torí ẹ́sítírójìn nìkan lè fa jẹjẹrẹ ilé ọmọ. Ti ẹ̀jẹ̀ dídì, ewu èyí tí a ń lẹ̀ mọ́ ara tàbí tí a ń fi pa ara kéré sí ti oníhóró. Ẹni tó ti ní jẹjẹrẹ ọmú rí, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti dì rí, tí ẹ̀dọ̀ ń yọ lẹ́nu, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lójú ara rẹ̀ láìmọ ohun tó fà á, kò gbọ́dọ̀ gbà á lọ́wọ́ ọ̀rẹ́. Dókítà ni kó lọ bá.

MoṢìWàŃbẹ̀

Èmi wà lára àwọn tí àǹtí nọ́ọ̀sì sọ níbẹ̀rẹ̀. Anastrozole ni wọ́n fún mi lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ọmú. Kò pẹ́ tí mi ò lè ṣí ìdérí ìgò omi mọ́, ọmọ mi ló ń bá mi ṣí i. Ó ń ṣe mí bíi kí n sọ oògùn náà nù. Ẹni tó ń tọ́jú mi ní kí n má dá a ṣe, ó ní oògùn yẹn ló ń ṣọ́ mi kí àrùn náà má padà wá. Òun ló ní kí n dá a dúró fún ìgbà díẹ̀, ó wá fi letrozole rọ́pò rẹ̀. Mo ń rìn, mo sì ń gbé ohun tó wúwo díẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ìwádìí kan tó jáde ní 2015 fi hàn pé irú eré ìdárayá bẹ́ẹ̀ ń dín ìrora tí àwọn oògùn yìí ń fà kù. Ó ṣì ń ro mí, àmọ́ mò ń lo oògùn mi, mo sì ń ṣí ìgò mi fúnra mi.

Àdùkẹ́Aránṣọ

Ẹ kú ìforítì o, ìyá mi. Ọlọ́run á wo gbogbo rẹ̀ tán. Mo fẹ́ béèrè nípa oògùn ìrora. Diclofenac oníhóró ni wọ́n kọ fún mi, ó sì ń jó mi nínú. Glucosamine tí ọ̀rẹ́ mi ń lò ńkọ́?

ApòògùnÀdúgbò

Ẹ dáwọ́ oníhóró yẹn dúró mà, kí ẹ sì sọ fún ẹni tó kọ ọ́ pé ó ń jó yín nínú. Bí ìgbẹ́ bá dúdú kirikiri tàbí tí ẹ bì ẹ̀jẹ̀, ẹ má dúró bi ẹnikẹ́ni léèrè, ilé ìwòsàn tààrà ni.

Diclofenac tí wọ́n ń fi pa ara wà. Ìka àti orúnkún sún mọ́ awọ, ó ń débẹ̀ dáadáa, díẹ̀ ló sì ń wọnú ẹ̀jẹ̀. Ìbàdí jìn, kò lè dé ibẹ̀, ẹ má fi ṣòfò. Ẹ má fi í pa ojú ọgbẹ́, kí ẹ má sì mu oníhóró lé e. Ibuprofen, diclofenac, naproxen, ìdílé kan náà ni wọ́n. Wọ́n lè dá ọgbẹ́ sínú, wọ́n lè gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, wọ́n sì lè ba kíndìnrín jẹ́, àgàgà lára ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo máa ń rí ẹni tó ń mu méjì pọ̀ láìmọ̀, torí orúkọ ńlá tó wà lójú páálí yàtọ̀ síra. Ẹ wo orúkọ kékeré tó wà lábẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ ni òtítọ́ wà.

Ti glucosamine, ìlànà NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 2022 ní kí dókítà má kọ ọ́ fún aromọléegun ọjọ́ orí, torí kò sí ẹ̀rí tó lágbára pé ó ń ṣiṣẹ́. Bó bá wu ọ̀rẹ́ yín, owó rẹ̀ ni. Àmọ́ bí ó bá ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kó má fọwọ́ kan glucosamine, ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà jù.

ÌyáÌbejì57

Ẹ má gbàgbé oorun o. Òru tí ooru bá jí mi lọ́pọ̀ ìgbà, àárọ̀ ọjọ́ kejì, gbogbo ara ló ń ro mí. Aṣọ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni mo fi ń sùn báyìí, mo sì ní ìpààrọ̀ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí.

Àdùkẹ́Aránṣọ

Mo ti ṣe àyẹ̀wò. Ṣúgà mi ga díẹ̀, kò tíì di àtọ̀gbẹ. Táíróìdì dára, fítámì D kéré, wọ́n ti fún mi ní tirẹ̀. Físíò tó rí mi ní èjìká ti gan lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ló kù. Mi ò lè fi aṣọ rírán sílẹ̀, ìdí àtàǹpàkò yẹn ò sì fẹ́ gbọ́.

FísíòTòótọ́

Ẹ má fi í sílẹ̀. Ẹ wá àlùmọ́gàjí tó ń ṣí ara rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti gé, tí ojú tí ẹ ń ki ọwọ́ bọ̀ sì fẹ̀ dáadáa kí ìka mẹ́rin lè jọ ṣiṣẹ́. Ṣíṣí yẹn ló ń pa àtàǹpàkò ju gígé lọ. Bó bá jẹ́ aṣọ lórí tábìlì títẹ́jú, ọ̀bẹ oníkẹ̀kẹ́ kékeré tí wọ́n ń yí lórí aṣọ sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun kan wà tí wọ́n ń so mọ́ ìdí àtàǹpàkò láti mú un dúró, ẹ máa lò ó nígbà iṣẹ́, kí ẹ máa bọ́ ọ bí ẹ bá ti ṣe tán. Ẹ má gé aṣọ gbogbo ọ̀sẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹ gé díẹ̀, ẹ lọ sídìí ẹ̀rọ, ẹ padà wá gé díẹ̀.

Ọmọdún38

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọ̀rọ̀ yìí kan èmi náà? Ẹni ọdún 38 ni mí. Wọ́n yọ ilé ẹyin mi méjèèjì lọ́dún tó kọjá. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni gbogbo oríkèé mi bẹ̀rẹ̀ sí í ro. Wọ́n ní mo kéré sí irú àìsàn yìí.

Nọ́ọ̀sìFẹ̀yìntì

Ó kàn ẹ́ ju gbogbo wa níbí lọ. Tiwa fi ọ̀pọ̀ ọdún lọ, tìrẹ já lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ìdí nìyẹn tó fi le bẹ́ẹ̀. Gbogbo ohun tí mo sọ fún Ẹlẹ́rùJẹ́jẹ́ nípa ìwọ̀n àǹfààní àti ewu, kì í ṣe tìrẹ. Ẹni tí ẹ́sítírójìn rẹ̀ lọ kó tó pé 45, wọ́n sábà máa ń gbà á nímọ̀ràn pé kó lo họ́mọ̀nù títí dé nǹkan bí ọdún 51, ìgbà tí nǹkan oṣù ìbá fi dá fúnra rẹ̀. Kì í ṣe nítorí oríkèé nìkan, nítorí egungun àti ọkàn ni. Ní kí wọ́n wọn bí egungun ẹ ṣe nípọn tó pẹ̀lú.

Ohun tó lè yí èyí padà ni ìdí tí wọ́n fi yọ ilé ẹyin náà. Bó bá jẹ́ nítorí jẹjẹrẹ tó ń jẹ ẹ́sítírójìn, ọ̀nà míì ni wọ́n máa gbà. Bí ilé ọmọ bá sì bá a lọ, ẹ́sítírójìn nìkan lè tó, bí ó bá wà síbẹ̀, wọ́n á fi projẹ́sítírọ́ọ̀nù kún un. Ìwé iṣẹ́ abẹ yẹn àti èsì àyẹ̀wò ohun tí wọ́n yọ ni kí o mú dání.

Ọmọdún38

Ilé ọmọ wà síbẹ̀, kì í sì í ṣe jẹjẹrẹ. Ìwé náà wà lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mò ń lọ.